Ẹlẹ́dẹ̀ Abẹ́ Òrùlé

Ó yẹ kí gbogbo ayé gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: Zhuang Qinglai kì í fi ẹnu kan tíì àárọ̀ láìkọ́kọ́ kí ẹlẹ́dẹ̀. Yóò dúró lẹ́nu àgbàlá ilé wọn ní Quanzhou, yóò wúkọ́ bí olóyè, yóò ní, "Ẹ kú àárọ̀ o, onílé." Onílé á hùn. Ìgbà yẹn ni tíì tó ṣeé mu.

Iṣẹ́ pátákó ṣọ́ọ̀bù kíkọ ló fi tọ́ ọmọ. Nígbà tó ń fẹ́ Xiuluan, ọmọbìnrin tí kò mọ̀wé rárá, ó ti ìka bọ tíì, ó fa òrùlé sójú tábìlì, ó sì fa ẹlẹ́dẹ̀ sábẹ́ rẹ̀.

"Bí àwọn baba ńlá wa ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ náà, 'ilé', sínú ìwé nìyí."

Xiuluan wò ó títí. "Èèyàn ńkọ́?"

"Èèyàn ni yóò máa fún ẹlẹ́dẹ̀ lóúnjẹ."

"Èmi nìyẹn, àbí?"

Omi tábìlì gbẹ, ìfẹ́ kò gbẹ. Láti ọjọ́ náà ni ẹlẹ́dẹ̀ kò ti wọ́n nínú àgbàlá yẹn. Nígbà tí Xiuluan sùn tí kò jí mọ́, ọkọ rẹ̀ gba igbá oúnjẹ ẹlẹ́dẹ̀, kò sì gbé e sílẹ̀.

Lọ́dọọdún, bí ọdún tuntun bá ku ọ̀la, ó máa ń kọ àmì ilé náà sórí pépà pupa, á sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn. "Ke" lòun ń pè é. Ní Busan, níbi tí Wenhai ọmọ rẹ̀ ń gbé, "ga" ni lédè ibẹ̀. Ní Osaka, lọ́dọ̀ Suzhi ọmọ rẹ̀ kejì, wọ́n ń pè é ní "ie". Bó bá bá ọ̀rọ̀ mìíràn rìn, ó di "ka".

"Ẹnu ló yàtọ̀," ni bàbá máa ń wí. "Ẹlẹ́dẹ̀ kan náà ni."

Lọ́dún tí à ń wí yìí, bàbá ti ṣubú nínú àgbàlá tòun ti igbá lọ́wọ́. Àwọn ọmọ méjèèjì wá ṣọdún, wọ́n sì ti dìmọ̀ pọ̀: bàbá yóò bá Suzhi lọ sí Osaka.

"Ẹlẹ́dẹ̀ ṣì wà lábẹ́ òrùlé," ni bàbá wí. "Ta ló ń filé sílẹ̀?"

"Tí kò bá sí mọ́ ńkọ́, bàbá?" ni Wenhai bi í.

"Òrùlé lásán ló kù nìyẹn. Màá tẹ̀lé yín."

Ọ̀rọ̀ bọ́ lẹ́nu àgbà. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ tán tí Wenhai fi mú alápatà dé.

Bàbá kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó lọ jókòó ti pépà pupa rẹ̀, ó fa òrùlé, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró. Bẹ́ẹ̀, wọn kì í padà tún ìlà tí búrọ́ọ̀ṣì ti fà fà. Òrùlé wà níbẹ̀, abẹ́ rẹ̀ ṣófo, tádàwà ń gbẹ lọ.

Nígbà tí wọ́n gbé oúnjẹ ọdún kalẹ̀, Suzhi kò lè wojú rẹ̀. "Bàbá, ẹ má bínú."

"Ta ló ń bínú? Ẹ bù sí i fún mi. Ó rọ̀. Ẹ̀kọ́ ìyá yín lẹ fi sè é."

Ó jẹun tán, ó nu ẹnu. Wenhai rọra ní, "Ẹ ti di ẹrù yín, bàbá?"

"Ẹrù kí ni? Ẹlẹ́dẹ̀ dà?"

"A ti jẹ ẹ́."

"Àwọn tó jẹ ẹ́ dà?"

"Àwa nìyí."

"Abẹ́ kí lẹ jókòó sí?"

Wenhai gbójú sókè, ó rí igi àjà. Ó yíjú sí Suzhi. "Ṣé o rí i? Mo ní ká ra pẹ́pẹ́yẹ jẹ."

Suzhi bú sẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Bàbá dìde, ó fi èémí kan ṣoṣo fa ẹlẹ́dẹ̀ sábẹ́ òrùlé, ó gbé pépà náà lọ lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn. Kò lọ sí Osaka.

Ọdún parí. Wenhai padà sí Busan, Suzhi padà sí Osaka, oníkálukú gbé ìpín ẹlẹ́dẹ̀ tirẹ̀ lọ nínú ikùn. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀wé, ẹ bá wa kà á: nínú òrùlé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èwo ni ilé?