Wọ́n Ní Màmá Mi Ti Sanra

Ní Ìlá wa, bí èèyàn bá ti Èkó tàbí Ìbàdàn dé, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ wò. "O ti sanra!" Kì í ṣe èébú rárá. Ẹni tí wọn ò bá kí bẹ́ẹ̀, kó yára lọ wo dígí. Bàbá mi, tí wọ́n jẹ́ olùkọ́ nígbà ayé wọn, máa ń sọ fún wa pé ara tó sàn ló bí ọ̀rọ̀ náà: ara tí àìsàn ti fi sílẹ̀, tí oúnjẹ ń bá lára mu. Ọ̀rá yàtọ̀ ní tirẹ̀. Ìyẹn lè wà lára ẹran ọbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó sanra ti bọ́ lọ́wọ́ ebi àti ibà. Mo gbà wọ́n gbọ́ láìjà wọ́n níyàn.

Nígbà tí bàbá kú, màmá mi rù kanlẹ̀. Àánú tí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ń ṣe wọ́n sì ń dùn wọ́n. Nítorí náà, nígbà tí mo wálé fún ọdún Àjíǹde tó kọjá, tí mo rí i pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn ti kún, mo dì mọ́ wọn: "Màmá, ẹ ti sanra!" Ìyá ilé kejì ní àwọn ti ń sọ ọ́ tipẹ́. Màmá tiẹ̀ ti rán aṣọ tí wọ́n máa fi ṣe ìdúpẹ́ ara líle ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, bàtà kọ̀, kò wọ ẹsẹ̀ wọn. Mo kúnlẹ̀ láti bá wọn tì í. Ìka mi kan ọrùn ẹsẹ̀ wọn, ó rì. Mo gbé e kúrò, ojú ibẹ̀ ò dí. Mo tún tẹ ojúgun wọn, bákan náà ni. Omi ló kún ibẹ̀, kì í ṣe ẹran.

"Ẹ jẹ́ ká máa lọ sí ọsibítù ní Òṣogbo." Mo gbé bàtà náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Lẹ́yìn ìdúpẹ́."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ẹsẹ̀ yín!"

"Mo ti rí i kí o tó dé. Bí mo bá dùbúlẹ̀, èémí mi kì í délẹ̀."

Inú bí mi ju bí ẹ̀rù ṣe bà mí lọ. "Ẹ rí i, ẹ sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń kí yín?"

Wọ́n ki ẹsẹ̀ bọ sálúbàtà. Mo pe ọlọ́kọ̀ kan tí mo mọ̀. Bí a ṣe ń jáde, ìyá ilé kejì ti múra ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ wo bí ara yín ṣe ń dán! Sísanra yìí mà wù mí o."

Màmá rẹ́rìn-ín. "Ẹ ṣeun, tiyín náà á dé." Èékánná wọn ti wọ̀ mí lápá.

A ti kọjá ìlú Ọ̀tan kí màmá tó sọ̀rọ̀. Wọ́n sọ ọ́ sí mi létí kí ọlọ́kọ̀ má baà gbọ́:

"Bí wọ́n bá fa omi yìí tán, kí ló máa kù lára mi?"