Ohun Tí Mo Gbé Sínú Fíríìjì Àlàájà

Ní ọdún kejì tí àwọn ológun gbé ìjọba fún alágbádá, yàrá kan ni mò ń gbé ní Fọlá Àgòrò, mo sì ń kàwé fún oyè kejì ní yunifásítì tó wà ní Akọka. Iṣẹ́ ìwádìí mi kò ju kí n gba ẹ̀jẹ̀ ènìyàn, kí n wá irú ọmọ ogun ara kan nínú rẹ̀, kí n sì fi hàn pé mo rí i. Irú ọmọ ogun yìí ní purotéènì kan lára, bí ẹni dé fìlà. CD4 ni wọ́n ń pè é. Ohun tí a fi ń dá fìlà náà mọ̀ ni àǹtíbọ́dì, omi díẹ̀ nínú ìgò tí kò tó ìka ọwọ́. Bí ó bá pàdé CD4, yóò dì mọ́ ọn, kò sì ní dì mọ́ nǹkan mìíràn. Wọ́n ti so àwọ̀ kan mọ́ ọn, tó fi jẹ́ pé bí a bá gbé e sábẹ́ máíkírósíkóòpù nínú òkùnkùn, tí a tan iná búlúù sí i, á máa tàn bí ewé tútù.

Ìgò kan ṣoṣo ni a ní. Ọ̀rẹ́ olùkọ́ mi kan ló fi í ránṣẹ́ láti ìlú òyìnbó, mo sì fi ọ̀pọ̀ oṣù dúró dè é. Ìwé tó bá a wá sọ pé kó wà níbi tútù, kó má rí ìmọ́lẹ̀, kó má sì dì.

Ọ̀sẹ̀ tó dé gan-an ni iná lọ ní Akọka lọ́jọ́ Jímọ̀. Epo dísẹ̀lì ti tán nínú jẹnẹrétọ̀ wa. Ọ̀gá láàbù pè mí. Bàbá àgbà kan ni, ó ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kí wọ́n tó bí mi.

Ó ní, "Àǹtí, ṣé o mọ ẹni tó ní iná?"

Mo mọ̀ ọ́n. Onílé mi ni, Àlàájà kan tó ń ta ẹja inú yìnyín, èyí tí gbogbo wa ń pè ní òkú Èkó. Nítorí ẹja yìí, jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ kì í sinmi. Mo fi fóìlì wé ìgò náà, mo gbé e sínú kúlà oúnjẹ pẹ̀lú yìnyín, mo sì gun ọ̀kadà lọ sílé.

"Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ bẹ̀ yín níṣẹ́ kan."

"Kí ló dé? Ṣé wọ́n lé ọ níléèwé ni?"

Mo ṣàlàyé títí. Mo ní ẹ̀jẹ̀ wa ní ṣọ́jà nínú, ohun tó wà nínú kúlà yìí ni a sì fi ń dá wọn mọ̀.

"Ṣọ́jà? Ṣebí wọ́n ní gbogbo wọn ti padà sí bárékè?"

"Tinú ara kò padà, mà."

Ó ṣí ilẹ̀kùn fíríìjì. "Kí ni wọ́n fi ṣe é?"

N kò mọ bí wọ́n ṣe ń purọ́ fún àgbàlagbà. "Ara eku ni wọ́n ti mú un jáde, mà."

Ó ti ilẹ̀kùn padà. "Eku?"

"Eku òyìnbó ni, mà. Funfun báláú. Wọ́n ń wẹ̀ ẹ́." Ọlọ́run nìkan ló mọ̀ bóyá wọ́n ń wẹ̀ ẹ́.

Ó ronú díẹ̀, ó tún ilẹ̀kùn ṣí. "Tó bá jẹ́ eku Ṣómólú wa níbí ni, mi ò ní gbà."

Ní ọjọ́ kejì, mo lọ kí ìyá mi ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ìrọ̀lẹ́ Sátidé yẹn, àwọn ayálégbé ní kò sí ohun tó dùn mọ́ Àlàájà tó iṣẹ́ tí mo fi lé e lọ́wọ́. Ó ń yẹ̀ ẹ́ wò ṣáá ni. Nígbà tí mo dé lọ́jọ́ Àìkú, ẹnu ọ̀nà ló ti pàdé mi.

"Mo bá ọ tọ́jú ẹ̀ dáadáa. Mo rí i pé ibi tí o gbé e sí kò tutù tó."

Ó ṣí fírísà, ó gbé ẹja dídì méjì kúrò, ó sì fa fóìlì mi jáde lábẹ́ wọn. Ó fi kan etí fírísà, ó dún kò. Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Mo jókòó sórí páálí ẹja. Omi ẹja wọ ìdí aṣọ mi, n kò mọ̀.

"Mà, wọ́n ní kò gbọdọ̀ dì."

"Ta ló ní bẹ́ẹ̀?"

"Ìwé tó bá a wá."

"O ò fún mi níwèé kankan."

Òótọ́ ni. Ibi tútù nìkan ni mo sọ fún un.

Lọ́jọ́ Ajé, mo jẹ́ kí ó yọ́. Mo gba ẹ̀jẹ̀ ara mi, mo yọ àwọn ọmọ ogun inú rẹ̀, mo sì pín wọn sí ojú gíláàsì méjì. Mo fi àǹtíbọ́dì sí ọ̀kan, n kò fi sí èkejì, kí n lè rí ìyàtọ̀. Mo fọ̀ wọ́n, mo wọ yàrá òkùnkùn lọ, mo wo èyí tó ní àǹtíbọ́dì. Ó ṣú bí ìdí ìkòkò. Mo wò ó títí omijé mi fi bo gíláàsì ojú máíkírósíkóòpù, kò sí ohun tó tàn.

Nígbà tí mo délé, Àlàájà bi mí bóyá ó ṣiṣẹ́.

"Ó ti kú, mà."

Ó káwọ́ lérí. Láti ọjọ́ náà, ilé wa di ilé ọ̀fọ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá wá ra ẹja ló ń sọ fún pé òun ti ba ìwé ọmọ ọlọ́mọ jẹ́. Ayálégbé kan tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ náà délẹ̀ kí mi ní "ẹ kú àráfẹ́rakù", ó sì bi mí bóyá àìsàn náà pẹ́ lára rẹ̀. Láàárọ̀, lálẹ́, Àlàájà ń gbé ìrẹsì àti ẹja díndín wá fún mi. Mo jẹ́wọ́ níhìn-ín pé mo jẹ gbogbo rẹ̀, mo sì ń fajú ro kí ó má baà dáwọ́ dúró.

Ní Ọjọ́bọ̀, ọ̀gá láàbù ń tún yàrá òkùnkùn ṣe, ó rí àpótí tí mo kó gíláàsì méjèèjì sí.

"Àǹtí, èwo lo wò nínú àwọn wọ̀nyí?"

"Èyí tó ní àǹtíbọ́dì, sà."

"Báwo lo ṣe mọ̀ ọ́n?"

"Mo kọ ọ́ sí i lára."

Ó gbé méjèèjì sókè. Báírò ni mo fi kọ ọ́, omi sì ti fọ̀ ọ́ lọ pátápátá. Ó ti ọ̀kan sábẹ́ máíkírósíkóòpù, ó ṣú; ó ti èkejì síbẹ̀, ó wò ó, ó sì kúrò níbẹ̀ fún mi. Wọ́n wà níbẹ̀, àwọn òrùka kéékèèké tí wọ́n ń tàn bí ewé, wọn kò mọ́lẹ̀ tó ti inú ìwé, ṣùgbọ́n wọ́n ń tàn.

"Fírísà kò pa nǹkan kan, èyí tí kò ní àǹtíbọ́dì lo wò lọ́jọ́ Ajé," ni bàbá wí. "Fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́ lọ́jọ́ mìíràn."

Ó wá ku bí mo ṣe máa sọ ọ́ nílé. Àlàájà ń fi ọ̀bẹ họ ìpẹ́ ẹja nígbà tí mo kúnlẹ̀. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un. Kò gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

"Ìyẹn ni pé kò kú láti ọjọ́ Ajé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"O sì ń jẹ ẹja mi."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ẹ̀rín tó bú sí mú kí àwọn ará òdìkejì ọ̀nà yọjú. Nígbà tó tán, ó nu ojú. "Ẹ̀jẹ̀ tèmi lo máa fi ṣe èyí tó kàn. Mo fẹ́ fojú ara mi rí i."

Ó wá sí Akọka nínú léèsì funfun. Ọ̀gá láàbù ló gba ẹ̀jẹ̀ náà. Àlàájà jókòó láti àárọ̀ títí ó fi kírun Àsárì nínú láàbù, kí a tó mú un wọ yàrá òkùnkùn. Ó tẹ̀ ba, ó fojú lé máíkírósíkóòpù.

"Gbogbo èyí, tèmi ni?"

"Tiyín ni, mà."

"Kí ló dé tí àwọn kan ò tàn?"

"Irú mìíràn ni wọ́n. Wọn kò ní CD4 lára. Iṣẹ́ tiwọn yàtọ̀."

"Kò burú. Kí wọ́n máa ṣe é lọ."

Olùkọ́ mi wọlé wá wo iṣẹ́ mi. Láì gbójú sókè, Àlàájà ní kí ó ní sùúrù, ó kù díẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n káwọ́ sẹ́yìn, ó dúró.

Nígbà tí a jáde, Àlàájà kò tọ ọ̀nà géètì. Ó ní òun àti ẹ̀gbọ́n òun máa ń wá ṣẹ́gi nínú igbó kan níbẹ̀ nígbà tí òun wà lọ́mọdé, kí wọ́n tó kọ́ yunifásítì, òun fẹ́ rí ibẹ̀. A wá a káàkiri láàárín àwọn ilé gíga, mo gbé báàgì rẹ̀ tẹ̀ lé e. Nígbà tó yá, ó dúró sáàárín ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ní ó jọ pé ibẹ̀ ni. Ọkọ̀ kan dé ẹ̀yìn wa, ó fọn fèrè. Kò yà fún un.