Ìyá Mi Kò Jókòó

Ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ àná, èmi nìkan ni mo wà nílé nígbà tí mo ṣí àpótí aṣọ ìyàwó mi tó ti dolóògbé. Òórùn káfúrà inú rẹ̀ gbé mi padà sí Èsìẹ́, ìlú tí mo ti ṣe kékeré.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, èmi àti ìyá mi ru igi ìdáná ti oko bọ̀, a sì yà mu omi nílé ère. Àwọn ère òkúta náà jókòó lọ bẹẹrẹ. Àlejò kan tó gbé kámẹ́rà kọ́rùn fún mi ní bisikíìtì kan, ó ní òun á fún mi ní òmíràn bí ìyá mi bá gbà kí òun ya fọ́tò rẹ̀.

Amọ̀nà rẹ̀ ní, “Ìyá Sùlè, ẹ jókòó síbí, kí ẹ gbé ọwọ́ lé orúnkún bíi ti ère yìí.”

“Ṣé òkúta ni mo jọ lójú rẹ ni?”

“Ẹ má bínú. Ìṣẹ́jú kan péré ni.”

“Kó dúró kí n lọ wọ aṣọ.”

“Aṣọ oko yìí gan-an ló wù ú, Ìyá.”

“Ó wù ú, kò wù mí. Sùlè, gbé igi rẹ.”

Mo sunkún bisikíìtì kejì títí a fi délé. Nígbà tí mo wá mọ̀wé kà, mo rí fọ́tò àwọn obìnrin àdúgbò wa nínú ìwé kan, wọ́n jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ère, kò sí orúkọ ẹnì kankan lábẹ́ rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tí a kúrò nílé ère, ìyá mi yọ aṣọ òfì rẹ̀ kúrò nínú káfúrà, ó wọ̀ ọ́. Mo ru bàtà rẹ̀ títí dé ilé onífọ́tò ní Òmù-Àrán, kí eruku má baà bà á jẹ́. Onífọ́tò gbé àga wá. Ìyá mi sún un kúrò, ó dúró. Èmi náà dúró tì í.