Kò Sí "Ká Ní" Kí N Tó Tajé

Nínú ìsọ̀ mi ní Deco Road ní Warri, níbi tí mo ti ń ta òwú, bọ́tìnì àti abẹ́rẹ́, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ "ká ní" kí n tó ta ọjà àkọ́kọ́. Bí ìyá mi ṣe ń ṣe é l'Ọ́yọ̀ọ́ nìyẹn. Ó ní ẹni tó bá ń ka ohun tí kò wáyé láàárọ̀, oníbàárà á gba iwájú rẹ̀ kọjá.

Ọmọ ọmọ mi obìnrin mọ òfin yìí. Àmọ́ ó ń kọ́ èdè Sípéènì lórí fóònù, olùkọ́ rẹ̀ sì máa dán an wò lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Bó bá yege, iṣẹ́ ń dúró dè é. Ibi tó ti ń kọsẹ̀ gan-an ni wọ́n máa bi í: bí wọ́n ṣe ń sọ "ká ní" lọ́hùn-ún. Ká ní kò ṣàlàyé rẹ̀ fún mi lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni, n kì bá tí mọ̀.

Bí a ṣe ṣílẹ̀kùn ló bẹ̀rẹ̀: comprara, compraras, comprara. Mo ní kó panu mọ́.

"Mama, na buy I dey talk o," ó fi pidgin wí, bó ṣe máa ń ṣe. "Buy good for market."

"Ká ní wọ́n rà lò ń wí. Ẹni tó rà kì í sọ ká ní."

Ó ní èmi náà ti sọ ọ́. Mo ní ti àgbà yàtọ̀. Ó ní ọjà Warri kò gbọ́ èdè Sípéènì. Mo ní kò sí èdè tí ajé kò gbọ́.

Òjò bẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tó yà. Ọmọ ń wo fóònù, ètè rẹ̀ ń jó láìsí ohùn, ojú rẹ̀ ti ń pọ́n. Àánú rẹ̀ ṣe mí, àmọ́ n kò jẹ́ kó mọ̀. Nígbà tó yá, ó ní òun ń lọ kí ìyá Ìlàjẹ tó ń ta ẹja gbígbẹ lódìkejì títì. Kò pẹ́ tó padà dé ni obìnrin náà sọdá, ó da ọ̀rá borí, ó ní òun fẹ́ ra abẹ́rẹ́. Látọjọ́ tí a ti jọ ń tajà, n kò rí i kó rán nǹkan kan rí.

"Ìyá ẹlẹ́ja, kí lo fẹ́ rán?"

Ó wo ọmọ ọmọ mi, ó wò mí. "Ẹja ni, màmá. Ikùn rẹ̀ ló ya."

Mo ta abẹ́rẹ́ fún un, n kò rẹ́rìn-ín. Mo wá yíjú sọ́mọ, mo ní kó máa wí. Bó ṣe tú ẹnu nìyẹn: comiera, comieras, viviera, vivieras, títí òjò fi dá.

Olùkọ́ pè lóòótọ́. Gbogbo ohun tó bi í ló dáhùn. Ó ní kó wá dá gbólóhùn tirẹ̀ sọ. Ọmọ wojú mi, ó sọ ọ̀rọ̀ gígùn kan, olùkọ́ bú sẹ́rìn-ín, ó ní ó ti yege. Mo bi í pé kí ló wí. Lọ́jọ́ yẹn, Yorùbá ló fi dá mi lóhùn:

"Mo ní, ká ní ìyá àgbà mi gbà mí láyè láàárọ̀ ni, ẹja kì bá tí nílò abẹ́rẹ́."