Ọ̀nà Tí Omi Bò Láàárín Òkè

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí ilé wa wà lẹ́yìn Ìbàfò lọ́hùn-ún, níbi tí ilẹ̀ ti máa ń rọ̀ lásìkò òjò, kí ọmọ tó mọ ìwé kà ló ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń rìn nínú omi. Ẹ̀yin tí ilé yín wà lórí ilẹ̀ gíga lè rò pé àsọdùn ni. Kì í ṣe àsọdùn. Lọ́dọọdún ni omi máa ń wọ àdúgbò wa, á dúró sójú ọ̀nà fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta, a ó sì máa lọ síbi tí à ń lọ. Bàbá mi, tí wọ́n ń ta pákó, ni wọ́n máa ń ṣíwájú. Wọ́n á máa fi ọ̀pá gún ilẹ̀ wò, wọ́n á máa pariwo pé, "Ẹ tẹ̀lé ẹsẹ̀ mi!" Àwa ọmọ á di ara wa lọ́wọ́ mú, ìyá mi á sì wà lẹ́yìn pátápátá pẹ̀lú àpò ìwé wa lórí. Tí bàtà bá yọ lẹ́sẹ̀ ọmọ, kíá ló gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó mú un, torí ẹni tí omi bá gba bàtà rẹ̀, ẹsẹ̀ lásán ni yóò fi lọ sílé-ìwé títí owó pákó yóò fi wọlé. Mo mọ iṣẹ́ yẹn débi pé n kì í ronú kí n tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Lọ́dún tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, ọdún Iléyá bọ́ sí ìparí òjò. Lọ́jọ́ kejì ọdún, bàbá mi ní kí gbogbo wa wọ ọkọ̀ tí wọ́n fi ń kó pákó, ká lọ wo odò kan tí wọ́n sé pa láàárín òkè, ní ọ̀nà jíjìn kọjá Ìfọ̀. Oníbàárà wọn kan ló sọ fún wọn pé tọmọdé tàgbà ni wọ́n ń rìn yí omi náà ká, pé ọ̀nà ẹsẹ̀ tó dára wà níbẹ̀. Àwa mẹ́rin la lọ: bàbá mi, ìyá mi, èmi, àti àbúrò mi obìnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún. Ìyá mi di ẹran díndín sínú abọ́. Bàtà ọdún tuntun ló wà lẹ́sẹ̀ èmi àti àbúrò mi.

Mo ti gbìyànjú láti ya ohun tí mo rí lọ́jọ́ náà sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí mo wá mọ̀ lẹ́yìn náà, kò sì rọrùn. Ohun tó dá mi lójú ni pé omi náà fẹ̀, ó sì dákẹ́. Òkè olókùúta yí i ká. Oòrùn ń ràn, ṣùgbọ́n àwọ̀ omi náà dà bí ti ògì bàbà. Àwọn igi kan dúró sínú rẹ̀ dé ọrùn, ewé wọn ṣì tutù. Lónìí, ewé tútù yẹn ìbá sọ fún mi pé omi náà ò tíì pẹ́ níbẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́wàá kì í ro irú ìrònú bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí a ti rìn díẹ̀, a rí gèlè kan tó há sórí ẹ̀ka igi lẹ́bàá ọ̀nà, ó ga ju orí bàbá mi lọ.

"Ta ló lọ sá gèlè síbẹ̀ yẹn?" ìyá mi béèrè.

"Obìnrin gíga kan ni," bàbá mi dáhùn.

A rẹ́rìn-ín. Mi ò lè fi ẹ̀rí gbe ọ̀rọ̀ yìí lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n mo gbà báyìí pé omi ló gbé e síbẹ̀.

Ó kù díẹ̀ ká yí omi náà ká tán nígbà tí a dé ibi tí ọ̀nà ti sọ̀ kalẹ̀. Omi ti bo ibẹ̀. A ń rí ọ̀nà tó tún yọ jáde lódì kejì, kò jìnnà ju láti ẹnu ọ̀nà wa dé ojú títì. Olùṣọ́ àgbàlagbà kan jókòó sórí òkúta níbẹ̀, okùn kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

"Alàájì, ẹ kú ọdún," ni wọ́n wí fún bàbá mi. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà. Omi ti gba ọ̀nà."

"Bàbá, n ò tíì dé Mẹ́kà o," bàbá mi fèsì pẹ̀lú ẹ̀rín. "Ará Ìbàfò ni wá. Omi tó wọ yàrá wa lọ́dún tó kọjá ju èyí lọ."

"Omi yàrá yín, sìmẹ́ńtì ló wà nísàlẹ̀ ẹ̀. Eléyìí, ta ló mọ ohun tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀?"

Ìyá mi ní, "Bàbá àwọn ọmọ, ẹ jẹ́ ká padà."

"Ká tún gun gbogbo òkè yẹn? Ìwọ tí ò ń ráhùn ẹsẹ̀ láti àárọ̀?"

Bàbá mi ṣẹ́ igi kan, wọ́n ká ṣòkòtò wọn sókè, wọ́n sì wọ omi. Nílé, ìyá mi ni wọ́n máa ń wà lẹ́yìn. Lọ́jọ́ náà, ẹ̀rù bà wọ́n, wọ́n di ẹ̀wù bàbá mi mú, wọ́n fi ọwọ́ kejì gbá abọ́ ẹran mú lórí. Bẹ́ẹ̀ ni èmi àti àbúrò mi ṣe wà lẹ́yìn. Ọwọ́ ọ̀tún mi ni mo fi dì í mú.

Omi náà dé orúnkún mi. Ó tutù ju omi àdúgbò wa lọ, ó sì ń fà wá díẹ̀díẹ̀ sápá òsì, bí ẹni ń fa ọmọ láṣọ. Omi tiwa kì í fa èèyàn. Bàbá mi ń pariwo pé ká tẹ̀lé ẹsẹ̀ wọn. A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé àárín nígbà tí bàtà mi yọ. Mo rí i tó léfòó. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo mú un.

Nígbà tí mo nàró, àbúrò mi kò sí níbẹ̀ mọ́.

Mi ò gbọ́ ariwo kankan lẹ́nu rẹ̀. Ìyá mi ni wọ́n kígbe, abọ́ ẹran sì já sómi. Bàbá mi ti fò sápá òsì, níbi tí ilẹ̀ ti gé lójijì, omi sì bo àwọn náà mọ́lẹ̀. Wọ́n yọ, wọ́n tún rì, wọ́n tún yọ, ìborùn àbúrò mi wà lọ́wọ́ wọn, orí rẹ̀ sì wà nínú ìborùn náà. Olùṣọ́ ti ju okùn. Wọ́n fa àwọn méjèèjì jáde sórí òkúta. Àbúrò mi pọ omi títí, lẹ́yìn náà ló sunkún, ẹkún yẹn sì ni ohun tó dùn jù lọ tí mo tíì gbọ́ láyé. Olùṣọ́ náà kò bú wa. Wọ́n kàn wí fún bàbá mi pé, "Ẹ má jẹ́ kó sùn lójú ọ̀nà."

Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀bi ti wà lórí bàbá mi. Tí ìbínú bá dé, ìyá mi á ní, "Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ pa ọmọ mi nítorí pé ẹ ò fẹ́ gun òkè." Àwọn ẹbí náà sọ tiwọn. Ohun kan ṣoṣo ni bàbá mi máa ń fi dáhùn: "Èmi ni mo jẹ̀bi." Mo máa ń wà nítòsí, mo sì dákẹ́.

Mo ti yẹ ọ̀rọ̀ náà wò títí. Ó ṣeé ṣe kí ọwọ́ àbúrò mi yọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́ nítorí omi. Ó ṣeé ṣe kí òun fúnra rẹ̀ já a gbà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí kan wà tí n kò lè tì sẹ́yìn: nígbà tí a dé orí òkúta, bàtà náà wà lọ́wọ́ mi, ọwọ́ ọ̀tún ni.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbúrò mi, tó ń ran àwọn olùkọ́ ilé-kéú lọ́wọ́ ní Mówé, sọ fún mi pé àwọn fẹ́ kó ọmọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ rìn yí omi kan náà ká. Ó fi ọ̀nà hàn mí lórí fóònù: ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó yí omi ká láìjá níbì kankan. Mo wo ibi tí a ti wọ omi. Ìlà náà kọjá níbẹ̀ bí ẹni pé ilẹ̀ ni. Ìgbà náà ni mo sọ ọ̀rọ̀ bàtà náà fún un.

Ó gbé fóònù náà sílẹ̀. "Àǹtí mi, ṣé bàbá mọ̀?"

"Rárá."

"Ẹ lọ sọ fún wọn."

Mo lọ. Mo kúnlẹ̀, mo sì sọ ọ́ tán láìgbé ojú sókè.

"Mo rí ọ," bàbá mi wí. "Mo yíjú padà kí n sọ pé kí ẹ fà sápá ọ̀tún. Mo rí ọ tí o jù ú sílẹ̀."

"Kí ló dé tí ẹ ò fi sọ fún ẹnikẹ́ni?"

"Kí n sọ kí ni? Ohun tí mo kọ́ ọ lo ṣe."

Nígbà èwe wa, a mọ oṣù tí omi máa ń dé, a sì mọ ibi tó máa ń dúró sí. Lónìí, ilé ti kún Mágbòrò àti Ìbàfò débi pé omi kò mọ ibi tí yóò gbà mọ́, kì í sì í dúró jẹ́ẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Àwọn tó débẹ̀ láìpẹ́ yìí ní kò sí olùṣọ́ kankan létí omi náà mọ́, pé pátákó ló wà níbẹ̀, igbó sì ti bò ó. Àwọn ọmọ náà kò mọ èyíkéyìí nínú èyí. Wọ́n ti ń ka ọjọ́.

Àbúrò mi kò yí ìpinnu rẹ̀ padà. Bàbá mi kò sì ní kó yí i padà. Wọ́n kàn béèrè aago tí ọkọ̀ yóò gbéra, wọ́n ní kí wọ́n fi àyè kan sílẹ̀ fún àwọn. Mo ní, "Bàbá, orúnkún tó ń dùn yín yìí, kí lẹ fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀?"

Wọ́n ní àwọn fẹ́ jẹ́ ẹni tí yóò tètè rẹ̀, kí àwọn ọmọ lè rí ẹni tí wọ́n máa tìtorí ẹ̀ padà tí omi bá gba ọ̀nà.