Ọjọ́ Tí Ọkọ Mi Kékeré Tún Mẹ́mọ́rì Ṣe

Irun ọmọ mi ni mò ń dì lókè, mo ti dé ìlàjì orí, nígbà tí ìyá ọkọ mi ké láti ìsàlẹ̀: "Ìyàwó! Kọ̀ǹpútà ẹ ò mọ nǹkan kan mọ́ o!"

Mo sáré sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú òòyà lọ́wọ́. Ọjọ́ wòlímọ̀ ọmọ náà nìyẹn, nírọ̀lẹ́ ni yóò ké Kùránì. Èmi ni ilé kéwú sì gbé ìwé ètò fún, kí n tẹ̀ ẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù mi tó wà níwájú agboolé wa, lẹ́yìn òpópónà Adéníji Adélé. Bí ìwé yẹn ò bá jáde, gbogbo Ìsàlẹ̀ Èkó ni yóò gbọ́ pé ìyá ọmọ ló ba wòlímọ̀ ọmọ jẹ́.

Àbúrò ọkọ mi ló jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ gíláàsì fóònù, nítorí náà ẹnjiníà ni. Wọ́n ti bí i kí n tó wọlé ọkọ, nítorí náà ọkọ mi ni, "ẹ" ni mo sì ń fi bá a sọ̀rọ̀. Ó le gan-an kéèyàn máa fi "ẹ" bínú.

"Ọkọ mi, kí lẹ ṣe fún un?"

"Ó ń falẹ̀ ni, ìyàwó wa. Mo wò ó lórí fóònù, wọ́n ní ká pa mẹ́mọ́rì àyálò. Ó kàn ń jẹ àyè lásán ni."

Bí mẹ́mọ́rì gan-an bá kún, kọ̀ǹpútà a máa yá àyè díẹ̀ lára dísíìkì. Àyè yẹn ni ọkọ mi kékeré pa. Bí mo bá ti ṣí ìwé ètò, pẹ̀lú fọ́tò àwọn ọmọ tó wà nínú ẹ̀, á kọ ọ́ síwájú mi pé mẹ́mọ́rì ò tó, á sì pa á dé.

"Mẹ́mọ́rì?" ni ìyá ọkọ mi wí. "Àbí ó ń gbàgbé ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá," ni ẹnjiníà dáhùn.

Màmá wọlé, ó gbé ife hàǹtú jáde, omi tí àfáà fi fọ Kùránì kúrò lára wàláà, tí wọ́n ń fún ọmọ mi mu kí ohun tó kọ́ má baà sá lórí ẹ̀.

"Kán díẹ̀ sí i."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, iná wà nínú ẹ̀!"

"Hàǹtú ló máa wá pa á? Ẹ wo ìyàwó yìí o!"

Mo fi ara di kọ̀ǹpútà. Mo ń bẹ Màmá, mo sì yíjú sí ọmọ ẹ̀: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọkọ mi. Ẹ tún un ṣe kú."

Ibi tó ti pa àyè yẹn ni mo padà sí. Àpótí kékeré kan wà níbẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà, tó ní kí kọ̀ǹpútà máa bójú tó àyè náà fúnra ẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́, mo pa kọ̀ǹpútà, mo tún un tàn. Ó falẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣí. Ìwé jáde. Ọkọ mi ní òun ti mọ̀ pé á ṣiṣẹ́. Màmá ní òórùn hàǹtú ni kọ̀ǹpútà gbọ́ tó fi jí.

Nírọ̀lẹ́, ọmọ mi dìde, ìlàjì irun ẹ̀ ṣì rí wúruwùru lábẹ́ híjáàbù. Ó dé àárín súrà, ó dákẹ́. Gbogbo èèyàn ń wò ó, ìwé tí mo tẹ̀ ni wọ́n fi ń fẹ́ ara wọn. Ó mí, ó rí i, ó ké e parí.

Nígbà tí mò ń di irun tó kù, ó ní, "Mọ́mì, ṣé mẹ́mọ́rì tèmi náà ti kún ni?"

"Rárá o, ìyá mi. O kàn ń wá a ni, o sì rí i. Ṣùgbọ́n má sọ ọ́ létí bàbá ẹ kékeré o. Á ní òun fẹ́ bá ẹ tún un ṣe."