Ata Rodo tí Mo Fọwọ́ Gbà ní Hamburg

Nígbà tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, ní 2017, Marzahn ní Berlin ni èmi àti màmá mi ń gbé, nínú ilé gogoro kan tí gbogbo fèrèsé rẹ̀ jọra. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sí irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ ní Jámánì lásìkò yẹn á rántí bí ata rodo ṣe ṣọ̀wọ́n tó. Tàtàṣé aláwọ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń dì pọ̀ sínú ọ̀rá ló pọ̀ ládùúgbò wa, kì í sì í ta ẹnikẹ́ni. Màmá mi ní àwọn ò lè máa fi omi pupa jẹ ìrẹsì.

Nítorí náà, lóṣooṣù, a máa ń wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Hamburg, níbi tí ẹ̀gbọ́n wọn, Àǹtí Bísí, ti ń ta oúnjẹ ilẹ̀ wa. Tí páálí ata bá dé, a ó jókòó yí i ká, a ó máa ṣa èyí tó ti rọ̀ kúrò. Wọ́n ti kìlọ̀ fún mi pé mi ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ojú. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbàgbé, ẹ̀ẹ̀mejì náà ni mo sì sunkún títí a fi délé. Bí Àǹtí Bísí bá wá da ata gígún sínú epo gbígbóná, gbogbo wa á máa sín. Imú á máa ṣomi, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń dìde nídìí àwo.

Èèwọ̀ kan wà nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn: a kì í gba ata lọ́wọ́ ara ẹni. Ẹni tó fẹ́ fún ọ á gbé e sílẹ̀, ìwọ á sì mú un. Àǹtí Bísí máa ń sọ pé, "Ata àfọwọ́gbà, ìjà ló ń dá sílẹ̀." Níléèwé tiwa, àfojúdi ni kéèyàn máa gbé nǹkan sílẹ̀ fún ẹni tó nawọ́. Lọ́jọ́ kan, mo gba ẹ̀kúnwọ́ ata lọ́wọ́ àǹtí mi kí wọ́n tó gbé e sílẹ̀, mo sì kó o lé màmá mi lọ́wọ́. "Hier, Mama," ni mo wí, pé kí wọ́n gbà á. Àwọn méjèèjì wo ara wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n jà. Ìyá wọn ń ṣàìsàn ní Ìjẹ̀bú, wọ́n sì ń bá ara wọn jiyàn lórí ẹni tó yẹ kó ti lọ wò wọ́n. Màmá mi fà mí lọ́wọ́, a padà sí Berlin láìjẹun. Oṣù mẹ́rin gbáko, wọn ò pe ara wọn. Bí màmá mi bá gbọ́ ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín, wọ́n á mú fóònù láti pe àǹtí mi, wọ́n á rántí ìjà, wọ́n á sì gbé e sílẹ̀. Mo mọ̀ pé èmi ni mo fà á. Ó dùn mí, mi ò sì lè sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ata rodo kan ṣoṣo ló kù nínú fírísà. Mo rò ó pé bí ata ló dá ìjà sílẹ̀, bí mo bá jẹ ẹ́ tán, ìjà á tán. Lọ́sàn-án Sátidé kan, mo sọ ọ́ sẹ́nu, mo rún un pẹ̀lú gbogbo kóró inú rẹ̀. Mi ò mọ èdè tí mo fi ké. Màmá mi sáré wọlé, ni wọ́n bá pe ẹni tó mọ ata jù.

"Àǹtí mi, Tólú ti jẹ ata, odidi."

"Má fún un lómi o, Ṣadé," ni mo gbọ́ nínú fóònù. "Mílíìkì ni kó mu, cold one."

Mo ń mu mílíìkì, mo ń fẹkún jẹ́wọ́ pé èmi ni mo fọwọ́ gba ata. Màmá mi gbá mi mọ́ra.

"Ìwọ kọ́, Tólú. Àwa la jà."

Wọn ò pa fóònù. Títí tí ahọ́n mi fi tutù, àwọn méjèèjì ṣì ń sọ̀rọ̀. Ní Kérésìmesì, wọ́n jọ lọ wo ìyá wọn.

Nígbà náà, ìrìn àjò gidi ni ata rodo. Lónìí, ó wà ní ṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀ ilé wa, àwọn ọ̀rẹ́ mi tí wọ́n jẹ́ ọmọ Jámánì pàápàá ń jẹ ẹ́. Àǹtí Bísí ti pa ṣọ́ọ̀bù tiwọn tì nítorí ẹ̀yìn tó ń dùn wọ́n. Lóṣooṣù, màmá mi á ra ata kún báàgì, wọ́n á gbé e lọ bá wọn ní Hamburg. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo sọ fún màmá mi pé ata wà ní Hamburg náà. Wọ́n ní àwọn mọ̀, wọ́n sì ń wọ bàtà wọn lọ.